Fíláàṣì Tó Tàn Nínú Yàrá Làálì

Sauka Kahuta, Minna.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àṣàbí mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní iṣẹ́ tuntun náà dára, pé yàrá tí wọ́n fún ọ ní Ìlọrin ní fèrèsé méjì, pé ọ̀gá rẹ ti gbé fíláàṣì méjì àti tírígà tuntun lé ọ lọ́wọ́. O ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwọ nìkan yóò kọ́kọ́ dá wọ yàrá àwọn obìnrin níbi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí, bí ẹni tó ń bèèrè ibi tí mo gbé iyọ̀ sí, pé ṣé kí o fi tírígà náà sílẹ̀ bó ṣe wà nínú páálí, àbí kí o yí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ padà.

N kò dá ọ lóhùn. O ti máa rò pé iná ló lọ. Iná wà. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ ká aṣọ tí kò tíì gbẹ lórí okùn, mo tún lọ sá a padà. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló ń lé mi kiri inú ilé, mo ní kò sí nǹkan kan.

O mọ̀ pé mo ní ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí kí n tó sùn, o sì ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú ìwé náà ní ojú ewé tí mi ò lè kà tán, n kò sì tíì kọ ọ́ débi tó parí sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sí ọ ní ojúmọmọ báyìí, kí n lè rí i fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí: yí i padà. Ìdáhùn gígùn ni ìyókù lẹ́tà yìí, jọ̀wọ́ kà á dé òpin kí o tó pè mí.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́, okùn ló so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà. Bí o bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú ìyàwó má baà rí pẹlẹbẹ bí abọ́ ìjẹun, àfi kí o fa okùn gba àárín èrò. Ìyá arúgbó kan fi ẹsẹ̀ kọ́ okùn mi lọ́jọ́ kan, fíláàṣì bá já sínú igbá fùrá oníwàrà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí, èmi ni mo jókòó tí mo ń fi aṣọ nu wàrà kúrò lára irin iṣẹ́ mi. Ìgbà tí tírígà dé, ohun kékeré méjì tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ọ̀kan lórí kámẹ́rà, ìkejì lábẹ́ fíláàṣì, tí o bá tẹ̀ ẹ́ níbí á tàn lọ́hùn-ún, inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ han àwọn aládùúgbò. N kò ka ìwé ìtọ́ni inú páálí rẹ̀. Èmi tí mò ń ka ohun gbogbo, títí dé ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà, n kò ka ìyẹn.

Kí n sọ èyí tó rọrùn ná. Mo rò pé tírígà lè yára tó bí mo ṣe fẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí oòrùn mú gan-an, mo mú kí ojú kámẹ́rà máa ṣí kó sì máa pa dé kíá kíá, kí ìmọ́lẹ̀ má baà pọ̀ jù. Fọ́tò jáde, ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí èédú. Bàbá ọmọ wò ó títí, ó ní, "Madam, ìyàwó mi ni mo ní kẹ́ ẹ yà. Ẹ ti wọ hìjáábù fún un láti ẹsẹ̀ wá sókè." Ṣé o rí i, ojú kámẹ́rà ti ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ tó tàn. Má kọjá ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá tí o bá ń lo tírígà. Bí oòrùn bá pọ̀, wá ibòji lọ.

Bátìrì pẹ̀lú. Ti inú ẹ̀rọ kékeré abẹ́ fíláàṣì ló máa ń kọ́kọ́ kú, ti fíláàṣì fúnra rẹ̀ á ṣì kún, ìwọ á wá máa yí gbogbo nǹkan wò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Pààrọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, kí o tó jáde nílé.

Mo fẹ́ kọ nípa bí a ṣe ń gbé agboòrùn funfun ka iwájú fíláàṣì báyìí, mo sì mọ̀ pé nítorí kí n má baà dé ibi tí mò ń lọ ni. Jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Nígbà tí o ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó kan ní Dutsen Kura. Ìwọ mọ bí yàrá làálì ṣe máa ń rí nílùú yìí. Ọkùnrin kì í débẹ̀. Àwọn obìnrin á ṣí hìjáábù, irun á tú sílẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún làálì, wọ́n á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Kámẹ́rà obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n fọkàn tán ló ń wọlé. Fóònù á wà nínú àpò. Fọ́tò tí o bá yà níbẹ̀, ọwọ́ ìyàwó nìkan lo máa fi í lé.

Ẹni tó ni ilé náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, obìnrin àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Hajiya. Ó rí fíláàṣì mi lórí sítáńdì, ó ní kí ni èyí, ojú wo ló fi ń wo àwọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní fìtílà lásán ni, kò ní ojú, kì í sì í tàn àyàfi tí èmi bá tẹ kámẹ́rà. Mo fi wallahi búra sí i. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Nígbà tí àkókò ìrun àlàásárì tó, mo gbé kámẹ́rà mi, mo lọ ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì kírun níbẹ̀. Mo fi fíláàṣì sílẹ̀ láìpa á, nítorí ọ̀lẹ. N kò fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tò ó.

Ní ẹnu géètì, Ganiyu, ayafọ́tò tí wọ́n pè fún àwọn ọkùnrin, ń to àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti ra tírígà, irú kan náà. Orí ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní, nọ́ńbà tí tírígà fi ń gbọ́ ara wọn bíi ti rédíò, ni tèmi wà nígbà tó jáde nínú páálí, ibẹ̀ náà ni tirẹ̀ wà, kò sí ẹnì kan nínú wa tó yí i. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ẹní ìkírun: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bó ṣe ń tẹ tirẹ̀ lóde ni tèmi ń tàn nínú yàrá. Ògiri kì í dá a dúró, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe ń dá rédíò dúró.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń di irun fún ara wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kọ mọ̀nà láti igun yàrá. Wọ́n yíjú padà. Sàlámátù, ọmọ ẹbí wọn, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítáńdì, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́ láti fi àwòrán làálì kan han obìnrin tó ń kun wọ́n. Ọmọ bí ogún ọdún ni. Wọ́n ti wá tọrọ òun náà, ìgbéyàwó tirẹ̀ ló kàn.

Nígbà tí mo fi máa wọlé, Hajiya ti gba fóònù náà. Wọ́n tú u, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ó ti pa á rẹ́. Ọmọ náà ń búra, ẹnì kan ń sọ fún un pé kó má fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Mo wo abẹ́ fíláàṣì mi, mo rí iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú. Mo rántí ohùn Ganiyu. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, Àṣàbí. Kò gbà mí ní àkókò kankan.

Hajiya kọjú sí mi. "Mai hoto, ayafọ́tò wa, ìwọ lo ni iṣẹ́. Ṣé fìtílà rẹ lè tàn fúnra rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Hajiya."

Mo na ọwọ́, mo pa á, bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n fa Sàlámátù síta kí làálì tó wà lọ́wọ́ kejì rẹ̀ tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ilé àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní àwọn ò lè mú obìnrin tó ń ya ìhòòhò ẹlòmíràn wọ ilé. Ìhòòhò, wọ́n ní, irun lásán. Wọ́n dá ìgbéyàwó náà dúró, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó pẹ́, ó ń gbé ní Fadikpe báyìí, ó ń ránṣọ. Títí di òní, kò sí ẹni tó ń pè é sí yàrá làálì.

Mo ní àwíjàre, mo sì ti kọ wọ́n sílẹ̀ léraléra. Bí mo bá sọ pé kámẹ́rà ọkùnrin kan lóde ló tan fìtílà inú yàrá, ta ni yóò jẹ́ kí n parí àlàyé? Wọ́n á gbà pé àwọn ọkùnrin ti rí irun àwọn. Ìgbéyàwó ọjọ́ náà gan-an ì bá dàrú. Ìyàwó ni mo ń dáàbò bò. Mo máa ń kà á, á sì jọ òtítọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ kejì màá tún un kà, màá rí i pé orúkọ ara mi ni mo dáàbò bò, ìyàwó kàn jókòó síwájú mi ni. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé n kò parọ́, ó ṣe tán fìtílà náà kò tàn fúnra rẹ̀, Ganiyu ló tàn án. Mo ti ka ìwé àwọn onímọ̀ lórí ẹ̀rí ọkàn, ti Mùsùlùmí àti ti àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò sí èyí tó fi ara mọ́ àwíjàre yẹn. Èmi náà ò fara mọ́ ọn, mo kàn ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Ní ọjọ́ tí o bá ṣí tírígà nínú páálí, yí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kọ nọ́ńbà tuntun náà sórí bébà kékeré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ tí ayafọ́tò mìíràn wà, lọ kí i, bi í léèrè ṣánẹ́ẹ̀lì tí tirẹ̀ wà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ń fojú kékeré wò ọ́. Ní kí ó tẹ tirẹ̀ lóde nígbà tí o dúró ti fíláàṣì rẹ nínú ilé. Bí kámẹ́rà bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìbáà ṣe láti mu omi, pa fíláàṣì. Má ṣe búra fún irin iṣẹ́ níwájú ẹnikẹ́ni láéláé. Sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tó lè ṣèèṣì ṣe.

Ìyẹn ni ti iṣẹ́. Ìyókù kò sí nínú ìwé ìtọ́ni kankan. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ máa ná ọ ní nǹkan, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo rò pé màá sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà mo ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà ìwọ wọ yunifásítì. Ọ̀gá rẹ sọ fún mi lórí fóònù pé nítorí pé àwọn obìnrin Minna fọkàn tán mi nínú yàrá wọn ni òun ṣe gbà ọ́ láìdán ọ wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màá dúró níbí ná. Mo ń kọ ìmọ̀ràn sí ọ bí ẹni tó ti ṣe ohun tó ń sọ.

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ sí Fadikpe. Bàbá rẹ kò mọ̀ ju pé ọ̀rọ̀ Sàlámátù àtijọ́ ni mo ń bá lọ, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ tó ti kú sílẹ̀, mo ní kò kú, ó ń gbé nílé kan tí mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́.

Sàlámátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá mi mọ̀. Ó kí mi, "Ina wuni," ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi. Èdè Hausa ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni mo fi purọ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ti tírígà, ti Ganiyu, ti iná pupa tí mo rí. Kò dá ẹ̀rọ dúró títí tó fi rán etí aṣọ náà dópin.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà."

"Kí wọ́n tó lé mi jáde àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n tó lé e ni. Ó fi eyín gé òwú. Ó bi mí ta ni mo ti sọ fún, mo ní òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

"Kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún èmi fún?" ló wí. "Èmi mọ̀ pé n kò ṣe é."

Mo jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo, ó ní ṣé mo mú aṣọ wá ni, bí kò bá sí aṣọ, àwọn oníbàárà òun ń dúró. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun màgàríbà.

Lẹ́yìn Jímọ̀ ni àwọn obìnrin ẹbí náà máa ń péjọ lọ́dọ̀ Hajiya. Mo gbé fíláàṣì, sítáńdì àti kámẹ́rà mi lọ. Hajiya ti darúgbó, ó rò pé fọ́tò ni mo wá yà, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba fóònù gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kó kó wọn sórí itan rẹ̀. Mo to fíláàṣì sí igun ibi tó wà lọ́jọ́ kìíní. Mo jáde lọ sí ẹnu géètì, mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kà á sókè.

Nígbà tí mo padà wọlé, gbogbo wọn ń wo fíláàṣì tó tàn lẹ́ẹ̀mẹta láìsí mi nínú yàrá, mo bá sọ ti Ganiyu àti ti iná pupa tí mo rí lọ́jọ́ náà fún wọn. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé fọ́tò àwọn wá wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ni. Mo ṣàlàyé pé kò sí, pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló jáde, kámẹ́rà Ganiyu ń wo àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni. Ó yé wọn, Àṣàbí. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún wọ̀nyí, kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń pọn omi kún agolo kan lọ.

Hajiya kò bèèrè ohunkóhun nípa tírígà. Ó ní, "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti bi ọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọwọ́ mi ni mo fi gba fóònù ọmọ mi."

Ó ní kí wọ́n gbé hìjáábù òun wá. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fadikpe. Ní ẹnu ọ̀nà Sàlámátù, ó ní kí n dúró síta. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí Hajiya tó jáde. Ó ní Sàlámátù gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun, kò sì sọ pé òun foríjì ẹnikẹ́ni. Ó ní ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ òun kù díẹ̀, Sàlámátù ni yóò jókòó ti òun nínú yàrá làálì bí ó bá gbà láti wá, ẹlòmíràn ni yóò sì ya fọ́tò.

Mo ní, "To, Hajiya, mo gbọ́."

Nígbà tí mo délé, mo pe ọ̀gá rẹ. Mo sọ ohun tí mo sọ fún Hajiya, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní iṣẹ́ rẹ ṣì wà, ṣùgbọ́n o kò ní dá wọ yàrá àwọn obìnrin ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ni yóò wọ̀ ọ́. Ìwọ á máa tẹ̀lé e ná, títí òun fi máa mọ ọwọ́ rẹ fúnra òun.

Mo mọ bí o ṣe ń retí ọjọ́ náà tó. O kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ọmọbìnrin kan máa ru ohun tí mo ṣe, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ìwọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ. N kò mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà tó nǹkan. Lẹ́tà yìí máa bá ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la wá. Bínú dé ibi tí inú bá bí ọ dé, lẹ́yìn náà kí o pè mí, tàbí kí o má pè.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ nínú gbogbo ilé tí o bá wọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni.